Gbọ̀ngàn Áfíríkà ní Addis Ababa: Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ilé Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ lórí ìtàn ilé ìpàdé tí a ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀



Àwọn baba wa a máa sọ pé a kì í sùn nílé ara ẹni kí á fi ọrùn rọ́. Ẹni tí ó sùn nílé onílé ni kò lè na ẹsẹ̀ bí ó ti wù ú. Bí onílé bá ní kí ó dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, dídìde ni yóò dìde. Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ fún ènìyàn kan ṣoṣo, òtítọ́ ni fún orílẹ̀-èdè, òtítọ́ sì ni fún gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ òní fi dá lórí ilé kan tí ó wà ní Addis Ababa, olú-ìlú Etiópíà. Orúkọ rẹ̀ ni Gbọ̀ngàn Áfíríkà. Ilé náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀ ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ìbéèrè kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí ó kan gbogbo ẹgbẹ́, gbogbo ìlú, àti gbogbo orílẹ̀-èdè: bí àwọn ènìyàn bá fẹ́ jókòó láti gbèrò ọ̀nà ara wọn, ilé ta ni wọn yóò jókòó sí, ta ni yóò sì san owó rẹ̀?

ỌBA TÍ A KÒ GBỌ́ ẸJỌ́ RẸ̀

Ẹni tí yóò mọ ìdí tí a fi kọ́ ilé náà gbọ́dọ̀ padà sí ọdún 1935. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Ítálì ya wọ Etiópíà. Wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú ju bọ́ǹbù, wọ́n sì tú afẹ́fẹ́ olóró lé àwọn jagunjagun lórí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ìbọn àtijọ́ àti ọ̀kọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn jagunjagun wọ̀nyí dì mú. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1936, ọwọ́ Ítálì tẹ Addis Ababa. Ọba Haile Selassie ti kúrò nílùú ṣáájú ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún kan náà, ọba náà dìde dúró ní ìlú Geneva níwájú Àjọ Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, èyí tí ó ṣáájú Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé. Àwọn oníwèé-ìròyìn kan láti Ítálì ń súfèé, wọ́n ń pariwo kí ohùn rẹ̀ má baà jáde. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó rán àwọn alágbára ayé létí májẹ̀mú tí wọ́n ti fi ọwọ́ sí, pé bí ẹnikẹ́ni bá gbógun ti ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ni yóò dìde láti gbà á. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì tú ká. Kàkà kí ìrànlọ́wọ́ dé, ní oṣù keje ni wọ́n mú ìwọ̀nba ìjìyà tí wọ́n ti fi lé òwò Ítálì lórí kúrò. Ọba ti ro ẹjọ́ rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ilé onílé ni ó ti rò ó.

Ọ̀ràn náà dun àwọn ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dé ọkàn. Ní Èkó, wọ́n ṣe ìpàdé ìta gbangba. Ní London, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ WASU, tí Ladipo Solanke jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀, gbé ohùn sókè lòdì sí ìwà ọ̀dájú náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fi ojú kan ọmọ Etiópíà rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé bí iná bá ń jó ilé kejì, kí ẹni tí ó wà nílé kìn-ín-ní má sùn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1941, ọba padà wọ Addis Ababa. Ọdún márùn-ún géérégé ni ó pé sí ọjọ́ tí a gba ìlú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Geneva kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

BÍ A ṢE KỌ́ ILÉ NÁÀ

Ní ọdún 1958, Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ètò ọrọ̀ ajé Áfíríkà, wọ́n sì yan Addis Ababa fún ibùjókòó rẹ̀. Àlejò ti fẹ́ dé, ó sì yẹ kí ilé tí yóò gbà wọ́n wà. Ọba Haile Selassie pinnu pé Etiópíà ni yóò kọ́ ilé náà, tí yóò sì fi í ta ẹ̀ka náà lọ́rẹ. Iwájú ààfin rẹ̀ gan-an ni ó ti fún wọn ní ilẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé títì ni ó pààlà láàárín ọba àti ilé ìpàdé.

Ẹni tí ó ya àwòrán ilé náà ni Arturo Mezzedimi. Ọmọ Ítálì ni. Láti ọdún 1940 ni ó ti ń gbé ní Asmara, ibẹ̀ ni ó sì ti di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ilé yíyà. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ará: orílẹ̀-èdè tí ó da bọ́ǹbù lu Etiópíà ni ọmọ rẹ̀ wá kọ́ ilé òmìnira síbẹ̀. Ọba kò fi ìkórìíra dí ara rẹ̀ lójú. Ó mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàárín kí àjèjì wá jẹ gàba lé ni lórí àti kí á fi owó ara ẹni bẹ àjèjì ní iṣẹ́. Ẹni tí ó san owó iṣẹ́ ni ó ni iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà yá kánkán, kò tó ọdún méjì tí ó fi parí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1961 ni a ṣí ilé náà. Gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá wà nínú rẹ̀, yàrá àwọn akọ̀wé wà níbẹ̀, a sì pèsè àyè fún àwọn ògbufọ̀, nítorí pé ọ̀nà ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè Faransé àti èdè Lárúbáwá gbà pín àwọn ọmọ Áfíríkà sí.

Ohun tí àlejò kì í gbàgbé níbẹ̀ ni àwọn fèrèsé onígíláàsì aláwọ̀ mèremère. Ọmọ Etiópíà kan, Afewerk Tekle, ni ó ṣe ọnà wọn. Ọdún 1932 ni a bí i. Ìjọba rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ìwakùsà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ni orí rẹ̀ yàn, iṣẹ́ ọnà náà ni ó sì kọ́ bọ̀. Mítà 150 ni ìwọ̀n ìbú òun òòró àwọn fèrèsé náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín wọn sí. Apá kan ń fi ìyà àná hàn, nígbà tí Áfíríkà wà nínú ẹ̀wọ̀n àti ìmúnisìn. Apá kejì ń fi ìjàkadì hàn. Apá kẹta ń fi ọ̀la hàn, níbi tí ìdílé kan ti gbé iná ògùṣọ̀ sókè tí wọ́n ń ṣáájú àwọn yòókù. Bí oòrùn bá yọ, àwọ̀ gíláàsì náà a tàn sí ilẹ̀, tí ẹni tí ó ń wọlé lọ síbi ìpàdé yóò fi máa tẹ ìtàn àwọn baba rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọjá.

OṢÙ KARÙN-ÚN ỌDÚN 1963

Ilé ti dúró, ṣùgbọ́n àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀ ti ń jà. Ní ọdún 1960 nìkan, orílẹ̀-èdè 17 ni ó gba òmìnira ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, Gánà, Guinea, Mali, Íjíbítì, Morocco àti àwọn ajìjàgbara Algeria péjọ ní Casablanca. Ní oṣù karùn-ún, Nàìjíríà, Làìbéríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn péjọ ní Monrovia. Wọ́n tún pàdé ní Èkó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, ṣùgbọ́n àwọn ti Casablanca kò yọjú, wọ́n ní a kò pe ìjọba àwọn ajìjàgbara Algeria. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan, àwọn méjèèjì kò sì jókòó pọ̀.

Etiópíà ni ó gbìyànjú láti so okùn náà pọ̀. Ketema Yifru, mínísítà ọba fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, ẹni tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, rìn káàkiri, ó ń bẹ tọ̀tún tòsì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, àwọn mínísítà kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè dé. Orílẹ̀-èdè 30 ni ó péjọ sí Gbọ̀ngàn Áfíríkà. Ọba Morocco kò wá nítorí ìjà òun àti Mauritania. Kò sí ẹni tí ó jókòó fún Togo, nítorí pé àwọn ọmọ ogun ti pa Ààrẹ Sylvanus Olympio ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì tíì fara mọ́ ìjọba tí ó rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì darapọ̀, tí iye àwọn olùdásílẹ̀ fi di 32.

Ọ̀rọ̀ gbóná nínú gbọ̀ngàn náà. Kwame Nkrumah ti Gánà ní kí Áfíríkà ní ìjọba kan ṣoṣo láìjáfara, nítorí pé bí a bá fi í falẹ̀, àwọn tí ó lọ lójú ọ̀nà ńlá yóò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà. Sir Abubakar Tafawa Balewa ti Nàìjíríà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a kọ́kọ́ mọ ara wa, kí a ṣòwò pọ̀, kí a kọ́ ẹ̀kọ́ pọ̀, kí a bọ̀wọ̀ fún ààlà ara wa, nítorí ẹsẹ̀ ni a ń gbé tẹ̀lé ẹsẹ̀. Julius Nyerere ti Tanganyika pẹ̀lú gbà pé ìgbésẹ̀ kékeré sàn ju àìgbé ẹsẹ̀ rárá lọ. Ọ̀nà tí Balewa là sílẹ̀ ni àwọn tí ó pọ̀ jù tẹ̀lé. Títí di òní ni àwọn ènìyàn sì ń jiyàn pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó rí iwájú jù.

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ni wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n yan orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, láti máa ran àwọn tí ó ṣì wà lábẹ́ ìmúnisìn lọ́wọ́. Dar es Salaam ni ìgbìmọ̀ náà fi ṣe ibùjókòó, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì parí títí Gúúsù Áfíríkà fi bọ́ lọ́wọ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní ọdún 1994. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni a ń sọ nínú ilé yẹn, kí ó rántí èyí.

Àjọ tuntun náà kò ní ilé ti ara rẹ̀ fún àwọn akọ̀wé. Ilé tí Etiópíà kọ́ fún kíkọ́ àwọn ọlọ́pàá níṣẹ́ ni ó yọ̀ǹda fún wọn, ibẹ̀ ni Diallo Telli, ọmọ Guinea, akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ tí a yàn ní ọdún 1964, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

ILÉ DÚRÓ, ÈNÌYÀN ṢUBÚ

Bí ilé bá dára tó, kò lè mú kí ọ̀rọ̀ dára. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968, ogun abẹ́lé Nàìjíríà pàápàá di ohun tí a gbé lọ sí Addis Ababa. Olóyè Anthony Enahoro ni ó ṣáájú àwọn aṣojú ìjọba àpapọ̀, Ojukwu fúnra rẹ̀ sì wá rojọ́ fún Biafra. Ọba Haile Selassie jókòó gẹ́gẹ́ bí àgbà láàárín wọn. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ọ̀rọ̀ kò ní ojútùú, ogun sì ń bá a lọ títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970.

Ohun tí ó bá àwọn tí ó dá àjọ náà sílẹ̀ ṣòro láti sọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, àwọn ọmọ ogun yọ Haile Selassie kúrò lórí oyè. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó kú sí ìkáwọ́ wọn. Ketema Yifru tí ó rìn káàkiri nítorí ìṣọ̀kan di ẹlẹ́wọ̀n. Diallo Telli padà sí ilé rẹ̀ ní Guinea, wọ́n mú un ní ọdún 1976, ó sì kú sí àhámọ́ ní Camp Boiro ní ọdún 1977, ebi ni wọ́n fi pa á. Àwọn tí ó kọ́ ilé fún òmìnira Áfíríkà kò rí òmìnira gbà lọ́wọ́ ìjọba ilẹ̀ wọn. Ìwé àdéhùn ọdún 1963 ti ní kí orílẹ̀-èdè kan má tojú bọ ọ̀ràn abẹ́lé èkejì, nítorí náà àwọn tí ó jókòó nínú gbọ̀ngàn náà dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn wà nínú ìtàn ilé náà pẹ̀lú, kò sì yẹ kí á fò ó kọjá.

ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE NÍ ADDIS ABABA

Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí ó fi hàn pé a lè fi ilé náà ṣe iṣẹ́ gidi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebayo Adedeji ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní ọdún 1930. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun ni ó ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ètò ìṣàkóso. Nígbà tí ó di kọmíṣọ́nà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìdàgbàsókè lẹ́yìn ogun, ó wà lára àwọn tí ó rin ìrìn-àjò kiri títí orílẹ̀-èdè 15 fi dá àjọ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975.

Láti ọdún 1975 títí di 1991, òun ni ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé Áfíríkà tí a kọ́ gbọ̀ngàn náà fún. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Ètò Èkó ti ọdún 1980, nínú èyí tí àwọn olórí Áfíríkà ti gbà pé kí á máa jẹ ohun tí a gbìn, kí á máa fi ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ wa ṣe iṣẹ́ fún ara wa. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé ń fi ètò àtúntò ọrọ̀ ajé fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́rùn, tí iye owó ń já wálẹ̀, tí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ń jìyà, Adedeji àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n sì gbé ètò mìíràn jáde ní ọdún 1989, tí ó fi ènìyàn ṣáájú owó. Àwọn alágbára kò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé Áfíríkà kò ní èrò ti ara rẹ̀. Ọdún 2018 ni ó dágbére fún ayé.

ILÉ TUNTUN LÓRÍ ILẸ̀ Ẹ̀WỌ̀N

Ní ọdún 2002, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti ọdún 1963 parí iṣẹ́ rẹ̀, Ìparapọ̀ Áfíríkà tuntun sì rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, a ṣí ilé ìpàdé tuntun fún un ní Addis Ababa. Gíga ilé náà jẹ́ mítà 99.9, láti fi ṣe ìrántí ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 tí a pinnu ní Sirte, ní ilẹ̀ Líbíà, pé kí á dá àjọ tuntun sílẹ̀. Ilẹ̀ tí ó dúró lé jẹ́ ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí a ń pè ní Alem Bekagn, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé, ayé, ó dìgbà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn pa nǹkan bí 60 nínú àwọn ìjòyè ọba ní oṣù kọkànlá ọdún 1974. Ó dára kí ilé ìgbìmọ̀ rọ́pò ilé ikú.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ọ? Ìjọba Ṣáínà ni ó san 200 mílíọ̀nù dọ́là tí a fi kọ́ ọ, ó sì fi í ta Áfíríkà lọ́rẹ pẹ̀lú àga, tábìlì àti ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn Le Monde ti ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ pé láti ọdún 2012 títí di 2017, lóru, àwọn ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé náà a máa gba ojú afẹ́fẹ́ lọ sí Shanghai. Ṣáínà ní irọ́ ni, àwọn olórí àjọ náà pẹ̀lú sẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí á fi ìdájọ́ sílẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí ó dun ni ni pé ọ̀rọ̀ náà ṣeé gbà gbọ́ lójú gbogbo ayé. Bí ó bá jẹ́ pé owó ara wa ni a fi kọ́ ilé náà, tí ọmọ wa sì so ẹ̀rọ inú rẹ̀, ta ni ìbá sọ irú rẹ̀? Ọwọ́ afúnni ní í máa lékè. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Gbọ̀ngàn àtijọ́ náà ti gbó díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, tí ó ni ín, ná nǹkan bí 57 mílíọ̀nù dọ́là láti tún un ṣe. Wọ́n tún fèrèsé Afewerk Tekle ṣe, wọ́n tún àga àti ilẹ̀ ilé ṣe bí ó ti rí ní ọdún 1961. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni a tún un ṣí.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé Etiópíà kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ní ọdún 1961, síbẹ̀ ó kọ́ ilé tí gbogbo Áfíríkà fi jókòó. Kò dìgbà tí a bá lówó tán kí á tó lè dá dúró. Ní Kigali ní oṣù keje ọdún 2016, àwọn olórí Áfíríkà gbà kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa yọ ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún lára iye ọjà tí ó ń ti òkèèrè wọlé, kí á fi máa bọ́ àjọ náà. Kọ́bọ̀ méjì ni nínú náírà mẹ́wàá. Títí di ìsinsìnyí, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ti mú un ṣẹ.

Èkejì ni pé ẹni tí ó bá kọ́ ilé ìgbìmọ̀ tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ìbáwí nínú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n lè ya ilé rẹ̀. Àwọn tí ó dákẹ́ nígbà tí wọ́n mú Diallo Telli rò pé ọ̀ràn Guinea nìkan ni. Ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kò lè sọ òtítọ́ fún olórí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó, bí òrùlé rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Ẹ̀kẹta ni pé ilé kò ju ènìyàn lọ. Gbọ̀ngàn kan náà ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ láìní èso, ibẹ̀ kan náà ni Adedeji sì ti ṣiṣẹ́ tí a kò lè gbàgbé. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ẹlòmíràn níṣẹ́ ní Ifẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ léèrè: ilé tí a ti ń ṣe ìpàdé ní wọ́ọ̀dù wa, ta ni ó ń san owó rẹ̀? Ṣé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni, tàbí owó ọlọ́lá kan tí yóò ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ tí a bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ ọn nínú? Bí ó bá jẹ́ owó ọlọ́lá ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ti yín lónìí. Yàrá kan tí ó ní àga mẹ́wàá, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, níyì ju ààfin tí ẹ óò máa tọrọ àyè láti wọ̀ lọ.